Ọkọ̀ Òyìnbó, Iṣẹ́ Ọwọ́ Wa: Ìtàn Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ní Amẹ́ríkà lónìí, ẹni tó bá rí píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan, bóyá Ford tàbí Chevrolet tó ti wà láti nǹkan bí 1965, lè sọ ọ́ di ọkọ̀ tí yóò máa gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Yóò yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kúrò, yóò fi tuntun sí i. Yóò pààrọ̀ bíréèkì, yóò fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, yóò sì ṣe sitiarín rẹ̀ kó rọrùn láti yí. Ara ọkọ̀ náà yóò ṣì jẹ́ ti ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ yóò ti di ti òde òní. Wọ́n ní orúkọ fún iṣẹ́ yìí, wọ́n ní ìwé ìròyìn tó ń kọ nípa rẹ̀, wọ́n sì máa ń pàtẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ayé wá wò ó. Iṣẹ́ afẹ́ ni, owó tó ń bá a lọ kò sì kéré.

Ní agbègbè tiwa, irú iṣẹ́ yìí kan náà ti wà fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní Kumasi, ní Bamako, ní Niamey, ní Kano àti ní Nnewi, àwọn ènìyàn ti gba ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀nà òkèèrè, wọ́n sì ti tún un rọ fún ojú ọ̀nà tiwa. Wọn kò ṣe é fún afẹ́. Oúnjẹ òòjọ́ wọn ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn, ohun tó máa ń jáde lẹ́nu wa ni pé wọ́n lẹ ọkọ̀ náà pọ̀, pé wọ́n kàn ń mánéèjì rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ gidi ni. Ó ní ìtàn tí a lè fi ọdún àti orúkọ ìlú sọ, ó ní ọgbọ́n nínú, ó sì ní àléébù tí a kò gbọ́dọ̀ bò mọ́lẹ̀. Bí a kò bá kọ ìtàn náà sílẹ̀ nísinsìnyí, àwọn tó mọ̀ ọ́n yóò kú tán, òfin tí àwọn ìjọba wa ń ṣe nípa ọkọ̀ àlòkù yóò sì máa dà bí òfin tí àlejò ṣe fún onílé.

Kòkó ló kọ́kọ́ ra lọ́rì

Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1911, Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, di ibi tí kòkó ti ń jáde jù lọ ní gbogbo ayé. Ìjọba àwọn òyìnbó ti náwó sórí ojú irin: èyí tó ti Sekondi wá dé Kumasi ní 1903, èyí tó ti Accra wá sì dé ibẹ̀ ní 1923. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí gbogbo kòkó gba orí irin lọ sí etíkun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oko kòkó kò sí lẹ́bàá ojú irin. Orí ni àwọn aláàárù fi ń ru ẹrù náà, tàbí kí wọ́n dà á sínú agbá kí wọ́n sì máa yí i lọ lójú ọ̀nà.

Àwọn lọ́rì Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ wọ̀lú wúwo jù. Wọ́n máa ń rì, wọ́n sì ń ba ojú ọ̀nà jẹ́. Ọkọ̀ tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni Ford Model T, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1908. Ó fúyẹ́, abẹ́ rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, ẹni tó bá sì ní ojú inú lè tú u palẹ̀ kó tún tò ó. Àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ náà ra á, káfíńtà bá wọn kan pákó sí ẹ̀yìn rẹ̀, ọkọ̀ ìrìnnà sì di ọkọ̀ akẹ́rù. Èyí ni píkọ́ọ̀pù wa àkọ́kọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé láti ọjọ́ kìíní ni a ti ń yí i padà. Kò sí ìgbà kan tí a lo ọkọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kó o wá kí a tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Jennifer Hart, nínú ìwé rẹ̀ Ghana on the Go tó jáde ní 2016, fi hàn pé àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ló di ìrìnnà ọkọ̀ mú, wọn kò sì fi í sílẹ̀ fún ìjọba amúnisìn. Ọ̀rọ̀ náà dun ìjọba tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe òfin ní 1936 láti dí àwọn lọ́rì lọ́wọ́, kí wọ́n má bàa máa gba ẹrù mọ́ ojú irin lọ́wọ́ ní àwọn ọ̀nà kan. Ọkọ̀ tí káfíńtà ìletò fi pákó parí iṣẹ́ rẹ̀ ti di abanidíje fún ojú irin ọba.

Bedford àti pákó

Ní 1931 ni ilé iṣẹ́ Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́rì tí wọ́n ń pè ní Bedford. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òun ló wá gbòde ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Bí ó ṣe ń wọ èbúté ló yẹ kí a fi ọkàn sí. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ́ńjìnnì, ṣásì, táyà àti iwájú nìkan ló ń dé. Ìyókù, ọwọ́ wa ni wọ́n fi í sí. Káfíńtà á fi igi líle bí odum ṣe egungun rẹ̀, igi tí Yorùbá ń pè ní ìrókò. Á fi pákó ṣe ìhà àti òrùlé. Á to bẹ́ńṣì sínú rẹ̀ lọ́nà tí ó fi ṣeé yọ, kí ọkọ̀ náà lè kó èèyàn lọ sọ́jà láàárọ̀, kó sì kó iṣu tàbí kòkó bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni akunlé á kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú rẹ̀: àdúrà, òwe, tàbí ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni ọkọ̀ fẹ́ kí ọ̀tá rẹ̀ kà.

Èéṣe tó fi jẹ́ pákó? Ẹni tó ń fi ojú àìmọ̀kan wò ó á ní nítorí òṣì ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Bí irin ara ọkọ̀ bá tẹ̀ ní ìletò kan tí kò ní iná mànàmáná, ta ni yóò jó o? Káfíńtà wà ní gbogbo ìlú. Pákó tó bá sẹ́ lówùúrọ̀, wọ́n á ti pààrọ̀ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Yíyàn tó bọ́gbọ́n mu ni. Ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ ní Luton kò mọ ohun tí awakọ̀ tó fẹ́ lọ sí Tamale nílò, ṣùgbọ́n káfíńtà Kumasi mọ̀ ọ́n.

Orúkọ tí a fún àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí jẹ́ kí a mọ ẹni tó ni ìtàn. Ní Gánà wọ́n ń pè é ní mammy lorry, nítorí àwọn ìyá ọlọ́jà ni wọ́n ń gbà á, àwọn mìíràn nínú wọn ló sì ni ín. Trotro, tí gbogbo Accra ń wọ̀ títí di òní, wá láti inú ọ̀rọ̀ Ga fún kọ́bọ̀ mẹ́ta ayé Gẹ̀ẹ́sì, iye tí wọ́n ń san nígbà náà. Ní Bamako, duuruni wá láti inú ọ̀rọ̀ Bambara fún márùn-ún, owó ọkọ̀ ni òun náà. Àwọn Hausa pe píkọ́ọ̀pù ní a-kori-kura, bí ẹni ń sọ pé kí a lé eruku lọ. Tiwa ní ilẹ̀ Yorùbá ni bọ́lẹ́kájà, ọkọ̀ onípákó tí ìfúnpọ̀ inú rẹ̀ lè sọ aládùúgbò di ọ̀tá kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. Kò sí ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fún un. Ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ, ó yẹ kí a bi í bóyá òun kọ́ ló bí i.

Peugeot 404 wọ aṣálẹ̀

Bí Bedford ṣe gba ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso, bẹ́ẹ̀ ni Peugeot gba ti Faransé. Ní 1960, ọdún tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí gba òmìnira, ni Peugeot gbé 404 jáde. Pininfarina ará Ítálì ló ya àwòrán ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí Áfíríkà fi dán an wò: 404 ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, ó tún gbà á ní 1966, 1967 àti 1968. Ní 1967 ni píkọ́ọ̀pù rẹ̀ jáde. Ó lè gbé nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan. Gíà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sitiarín, nítorí náà ènìyàn mẹ́ta lè jókòó níwájú láìsí ohun tó dí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Tapólì yìí ni Faransé ń pè ní bâche, orúkọ ọkọ̀ náà sì di bâchée láti Dakar títí dé Niamey.

Ẹni tó bá rìnrìn àjò ní Nìjẹ́ẹ̀, Málì tàbí Bùrùkínà Fasò ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn á rántí rẹ̀. Bẹ́ńṣì méjì wà lẹ́yìn, èrò ń wo ara wọn lójú, ẹsẹ̀ wọn wà lórí àpò jéró, ewúrẹ́ wà lókè. Ọkọ̀ tí Peugeot ṣe fún àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé, kó máa fi kó ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà, ni ó ń gbé ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gba ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Báwo ló ṣe ṣe é? Ibí yìí ni iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì wa wà, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Sipíríǹgì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú. Wọ́n á fi kún un, tàbí kí wọ́n yọ èyí tó bá ọkọ̀ wá, kí wọ́n fi ti ọkọ̀ tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ á ga, ẹrù á sì wọ̀. Ṣùgbọ́n bí sipíríǹgì bá ti le sí i, irin abẹ́ ọkọ̀ ló máa wá gba ìyà tí sipíríǹgì kò gbà mọ́. Nítorí náà wẹ́dà á jó irin pẹlẹbẹ mọ́ àwọn ibi tó máa ń là. Ẹni tó ti tú ọgọ́rùn-ún bâchée ti mọ ibi tí ọ̀kan lé lọ́gọ́rùn-ún máa là kó tó là.

Lẹ́yìn náà ni ooru. Radíétọ̀ tí wọ́n ṣe fún Paris kò tó fún Gao. Àwọn tó ń jó radíétọ̀ á fi ìlà ọ̀pá omi kún un. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tún máa ń yọ tẹmọ́sítáàtì, ohun kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé ibi tó yẹ. Ọgbọ́n lójú ẹni tó ń bẹ̀rù kí ọkọ̀ hó lójú ọ̀nà ni, ṣùgbọ́n ó ní owó orí tirẹ̀: ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó máa ń jẹ epo, ó sì máa ń tètè jẹ, pàápàá lówùúrọ̀ ọyẹ́. Kì í ṣe gbogbo àtúnṣe wa ló dára. Mo sọ èyí nítorí pé ẹni tó bá ń yin gbogbo nǹkan kò yin nǹkan kan.

Ìkẹta ni ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù 404, tó jẹ́ 1,618 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta, máa ń fẹ́ epo tó mọ́ àti iná tó péye. Peugeot tún ṣe 404 tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, tirẹ̀ jẹ́ 1,948. Fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun, dísẹ́ẹ̀lì dára jù: ó ní agbára láti fa ẹrù láìsáré, epo rẹ̀ ń pẹ́, kò sì nílò pílọ́ọ̀gì tí yóò máa dọ̀tí. Nítorí náà, bí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kan bá já sí kòtò tí ara rẹ̀ bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í sùn síbẹ̀. Wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀ mìíràn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí a gbé e kí a sọ̀ ọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ rọ ẹsẹ̀ tuntun tí ẹ́ńjìnnì á jókòó lé, wọ́n gbọ́dọ̀ mú kí kúlọ́ọ̀ṣì àti gíábọ́ọ̀sì bá a mu, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gé ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kí wọ́n tún un jó, kó má sì gbọ̀n bí ọkọ̀ bá ń sáré. Ohun tí ará Amẹ́ríkà ń san owó ńlá fún nìyẹn. Níbí, abẹ́ igi ni wọ́n ti ń ṣe é.

Magazine tí kì í ṣe ìwé

Bí iṣẹ́ yìí bá ní olú-ìlú, Suame Magazine ní Kumasi ni. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà ṣì yín lọ́nà. Kì í ṣe ìwé ìròyìn. Ibi tí àwọn ológun ayé Gẹ̀ẹ́sì ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ni wọ́n ń pè ní magazine. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti kọ́kọ́ péjọ, nígbà tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Suame, wọ́n gbé orúkọ náà dání. Ní Gánà, fita ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì.

Ohun tó sọ Suame di ńlá ni ọ̀wọ́n. Láti àárín ọdún 1970 sí 1979 lọ ni ọrọ̀ ajé Gánà ti ń wó lulẹ̀. Owó òkèèrè kò sí, ìwé àṣẹ láti kó ọjà wọlé ṣòro láti rí, ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì di wúrà. Ó wá burú jù ní 1983: ọ̀dá, iná oko, àti èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan tí ìjọba Nàìjíríà lé padà sílé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lọ́rì tó wà nílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé gbogbo wọn, lọ́rì tuntun kò sì bọ̀. Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Àwọn fita Suame fi òòbẹ̀ ṣẹbọ fún odidi orílẹ̀-èdè kan. Irin ọkọ̀ tó ti kú ni wọ́n fi tún èyí tó kù ṣe. Wọ́n yọ́ álúmínọ́ọ̀mù, wọ́n dà á sínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n fi ṣe ẹ̀yà tí kò sí lọ́jà mọ́.

Àwọn onímọ̀ kan rí wọn. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Kumasi ti dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1972, Technology Consultancy Centre, láti so ọgbọ́n ìwé pọ̀ mọ́ ọgbọ́n ọwọ́. Ní 1980 wọ́n kọ́ ẹ̀ka kan sí àárín Suame gan-an, wọ́n gbé ẹ̀rọ léètì wá síbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn fita bí a ṣe ń fi ìwọ̀n tó péye gé irin. John Powell, tó darí ilé iṣẹ́ náà, kọ ìwé nípa ìgbésí ayé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí ní 1995, ó sì pè é ní The Survival of the Fitter.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa Suame ni bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́. Ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ẹni tó ń jó irin. Àwọn kan wà fún iná ọkọ̀, àwọn kan fún sipíríǹgì, àwọn kan fún àga, àwọn kan fún ọ̀dà, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé àlòkù ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni wọ́n ń tà. Ọkọ̀ kan lè gba ọwọ́ èèyàn mẹ́wàá kọjá láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìkúrò ní àdúgbò náà. Ọmọ iṣẹ́ á lo ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kó tó gba ìdásílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ̀ ọ́n ní Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ní Nnewi. Ilé iṣẹ́ ńlá ni, kò kàn ní ògiri ni. Ní 2013, Melle Smets àti Joost van Onna wá láti Netherlands, wọ́n sì bá àwọn fita náà kọ́ odidi ọkọ̀ tuntun kan, SMATI Turtle 1, láti fi hàn pé ohun tí wọ́n lè ṣe ju àtúnṣe lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n mo máa ń bi ara mi léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé àlejò ló gbọ́dọ̀ wá kí a tó rí i.

Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ náà ti sọ ọ̀rọ̀ yìí ju àwa onílé lọ. Jojada Verrips àti Birgit Meyer kọ àròkọ kan ní 2001 nípa ọkọ̀ awakọ̀ kan ní Gánà, wọ́n sì ṣàlàyé pé ọkọ̀ tó ti òkèèrè dé kò tíì ṣeé lò lójú awakọ̀ àti fita. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ di ti ilẹ̀ olóoru. Kurt Beck ará Jámánì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Sùdáánì, ó sì kọ ọ́ ní 2009 bí àwọn alágbẹ̀dẹ létí odò Náílì ṣe ń tú Bedford palẹ̀ tí wọ́n sì ń tún un rọ títí ó fi ń di ọkọ̀ mìíràn. Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ibi tí a kò tún ṣe

Mo ti yìn wọ́n tó. Ó tó àsìkò láti sọ èyí tó korò.

Ẹ padà sí ará Amẹ́ríkà tó ń tún píkọ́ọ̀pù bàbá rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá gbọ́n nínú wọn kì í fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára sí i kó tó wo bíréèkì. Ọkọ̀ tó bá lè sáré sí i gbọ́dọ̀ lè dúró sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, sipíríǹgì ni a kọ́kọ́ ń mú. A fi ẹrù kún ẹrù, a fi irin kún irin, a gbé òrùlé ga kí àpò lè wọ orí rẹ̀, bíréèkì sì wà bí ó ṣe wà nígbà tí ọkọ̀ náà ń gbé tọ́ọ̀nù kan péré. Kì í ṣe pé àwọn fita kò mọ̀. Wọ́n mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó ni ọkọ̀ ni kò san owó rẹ̀. Ẹrù ló ń mú owó wọlé, dídúró kì í mú kọ́bọ̀ kan wá. Ojú ọjà ló pinnu ohun tí ọgbọ́n wa máa ṣiṣẹ́ lé lórí, ọjà náà kò sì ka ẹ̀mí èrò sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pákó. Ohun kan náà tó mú kó rọrùn láti tún ṣe ló mú kó léwu. Bí bọ́lẹ́kájà tàbí mammy lorry bá dojú dé, pákó á fọ́, á sì di ọ̀kọ̀ láàárín èèyàn. Àwọn ọ̀rọ̀ àdúrà tó wà níwájú ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Awakọ̀ mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Ìtàn tó bá yọ èyí kúrò kì í ṣe ìtàn, ìpolówó ọjà ni.

Ọkọ̀ tó ní ọpọlọ

Ayé ti yí padà. Toyota Hilux ti gba ipò 404 ní aṣálẹ̀. Ní Nàìjíríà, Peugeot 504 tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kaduna láti 1975 ti di ọkọ̀ àwọn àgbà. Ọkọ̀ tó kún ojú ọ̀nà wa báyìí ni tòkunbọ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí gbogbo Nàìjíríà ti gbà lò. Ilé iṣẹ́ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí àyíká sọ ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, ọkọ̀ àlòkù kékeré mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ló kúrò ní Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí òkèèrè, àti pé Áfíríkà ló gba ju ìdajì lọ nínú àwọn tó lọ sí ilẹ̀ tí kò lówó. Ìwádìí kan tí ìjọba Netherlands ṣe lọ́dún kan náà sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ní Áfíríkà ni kò ní ìwé pé wọ́n yẹ lójú ọ̀nà mọ́.

Inú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì wà. Ọkọ̀ kì í sọ àìsàn rẹ̀ fún etí àti ọwọ́ mọ́, kọ̀ǹpútà ló ń sọ ọ́ fún. Ọ̀gá tó lè fi etí mọ̀ pé fáfù kan kò jókòó dáadáa ń dúró de ọmọ ọdún méjìlélógún tó ní ẹ̀rọ ìwádìí lọ́wọ́. Mi ò ní kí a sọkún lórí èyí. Ọmọ náà fita ni, ìtàn rẹ̀ ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá yẹn mọ̀ nípa irin, ooru àti ẹrù kò sí nínú kọ̀ǹpútà náà.

Nígbà tí ó wá kan òfin, ọjọ́ orí ni àwọn ìjọba wa ń wò. Ní 2020, àwọn mínísítà ECOWAS fẹnu kò ní Ouagadougou pé kí ọkọ̀ kékeré tó bá ti lé ní ọdún márùn-ún má wọlé mọ́, kí ti ọkọ̀ ńlá jẹ́ ọdún mẹ́wàá. Gánà ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún yẹn, ó sì dá a dúró nígbà tí àwọn oníṣòwò fi ariwo ta. Nàìjíríà ti gbé owó orí ọkọ̀ dé ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ó gbé ètò tuntun rẹ̀ jáde ní 2013, Cotonou sì jèrè rẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é: èéfín ń pa wá, ilẹ̀ wa kì í sì í ṣe ààtàn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kò sọ bóyá ọkọ̀ lè dúró. Ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́rin tí wọ́n ti yọ ohun tó ń sẹ́ èéfín kúrò nínú rẹ̀ léwu ju ọlọ́dún ogún tí ọ̀gá rere tún ṣe lọ.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi ni pé kò sí ọkọ̀ tí kò ní gba ọwọ́ wa kọjá. Èyí rí bẹ́ẹ̀ láti ayé Ford, yóò sì rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ oníbátìrì bá kún ibí, nítorí àlòkù ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn yóò jẹ́ nígbà tí wọ́n bá dé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òfin tó gbọ́n á wo àtúnṣe náà fúnra rẹ̀. Á yẹ bíréèkì wò ju ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ lọ. Á fún ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ ní ìwé tó lè fọwọ́ sí, kó sì dáhùn fún ohun tó fọwọ́ sí. Á gbé yunifásítì lọ sí gáréèjì bí Kumasi ti ṣe ní 1980, dípò kí ó máa retí pé kí gáréèjì wá sí yunifásítì.

Ohun kan wà tí àwa tó ń kọ̀wé lè ṣe láìdúró de ìjọba. Àwọn bâchée tó kù ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, kílò ni wọ́n ń fi wọ̀n wọ́n. Ní gbogbo ìlú tí mo dárúkọ lókè yìí, ọ̀gá kan ṣì wà níbẹ̀ tó mọ ibi tí abẹ́ 404 máa ń là, tó sì mọ̀ ọ́n ní Twi, ní Bambara, ní Hausa tàbí ní Igbo, pẹ̀lú orúkọ tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún irin kọ̀ọ̀kan. Ó ti dàgbà. Bí ẹ bá kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ kí i, ẹ jókòó, kí ẹ sì mú bírò dání.